"Non-profit" tàbí "non-profitable": èwo ni ká kọ sára bọ́ọ̀dù wa?

Ìyá Káwé, Òkè-Báálẹ̀:

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín, mi ò sì fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹni tó ń bá wa kọ bọ́ọ̀dù ní òun fẹ́ parí iṣẹ́.

Àwa tíṣà mẹ́fà, mẹ́rin nínú wa ti fẹ̀yìn tì, la máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà láràárọ̀ Sátidé. Ọmọ àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tí wọn ò parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A kì í gba owó ẹ̀kọ́. Owó ìwé àti pẹ́ńsù nìkan là ń gbà, ₦500 lórí ọmọ kan ní táàmù kan, ẹni tí kò bá sì ní, a kì í lé e padà sílé. Ọdún kẹta tá a ti ń ṣe é rèé. Ní báyìí, ẹnì kan fẹ́ fún wa ní ìwé púpọ̀ àti àga, ó ní àfi ká ní bọ́ọ̀dù, ká sì ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́.

Ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù ni A NON-PROFITABLE ORGANIZATION. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì wò ó, ó ní, "Màámi, ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ń sọ pé ẹgbẹ́ yín ò lérè fún ẹnikẹ́ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Láti Olú-Òde dé Old Garage, mo ti rí i kà bẹ́ẹ̀ lára bọ́ọ̀dù tí mi ò lè ka iye wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an, báwo ni wọ́n sì ṣe ń lò ó? Kí la máa kọ sí ìhà kejì tó jẹ́ Yorùbá, tí àwọn òbí ọmọ á kà tí á yé wọn? Nǹkan kan tún wà: òbí kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí a bá lóòótọ́ ní a kì í wá èrè, kí ló dé tá a fi ń gba ₦500. Mi ò rí èsì gidi fún un.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Ìgbọ̀nà:

Ìyá Káwé, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Òótọ́ lọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Àwọn tó kàwé dáadáa ń ṣe àṣìṣe yìí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, báyìí ni mo ṣe máa ń là á yé àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. "Profit" ni èrè. "Profitable" ni ohun tó ń mú èrè wá. Ìyá tó ta ẹ̀wà láàárọ̀, tó rí owó ọjà, tó tún rí lé, òwò rẹ̀ "profitable". Bí òjò bá wá dà á láàmú, tí owó ọjà ò pé, òwò ọjọ́ náà "unprofitable". Kì í ṣe pé ìyá náà ò wá èrè o. Ó wá a, kò rí i ni. Ibẹ̀ gan-an ni "non-profitable" wà: ó ń sọ fún ayé pé a tajà, a ò jèrè. "Non-profit" kò dá sí bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ń sọ.

Yorùbá tiẹ̀ là á ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. A máa ń sọ pé ọjà tí kò lérè, a sì lè sọ pé ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Ẹni tó bá gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí ti gbọ́ ìyàtọ̀ "unprofitable" àti "non-profit", kò nílò ìwé atúmọ̀ kankan mọ́.

Ní ti kíkọ rẹ̀, àwa tí a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ìlú Ọba ń fi àmì ìsopọ̀ sáàárín: "non-profit". Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ pọ̀: "nonprofit". Ẹ tún máa rí "not-for-profit", ẹ máa rí "non-profit-making" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò púpọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dára. Ẹ sáà mú ẹyọ kan, kí tara bọ́ọ̀dù má yàtọ̀ sí torí lẹ́tà. Iwájú orúkọ nǹkan tó ń yàn ló máa ń dúró sí: "a non-profit school", "a non-profit clinic". Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣiṣẹ́ lẹ fẹ́ sọ, ẹ lè ní ẹ ń ṣe é "on a non-profit basis".

Ẹ kàn ní kó pa "able" rẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni.

Onítẹ̀wé, Station Road:

Ẹ kú ọgbọ́n, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnu iṣẹ́ kún un. Bí àwọn oníbàárà ṣe ń kọ ọ́ sínú bébà wá nìyẹn. Nígbà kan mo bá ẹgbẹ́ kan tún un ṣe láìbi wọ́n, wọ́n dá gbogbo lẹ́tà orí ìwé padà, wọ́n ní mo ti já ọ̀rọ̀ wọn kù. Bébà odidi káàtọ̀nù kan ló ṣòfò. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń pe oníbàárà jókòó, mo máa ń fi hàn án kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá Káwé, ẹ lọ bá ẹni tó ń kọ bọ́ọ̀dù fúnra yín, ẹ mú un kọ sí bébà ní lẹ́tà ńlá. Ẹ má fi fóònù sọ ọ́, torí létí, "profit" àti "profitable" lè jọra.

Atúmọ̀, Ayétòrò:

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ìhà kejì ló kàn mí, iṣẹ́ mi ni, ó sì wà lọ́kàn mi tipẹ́.

Ẹ má kọ "ẹgbẹ́ aláìlérè". Mo ti rí i níbi púpọ̀, ara mi kì í gbà á. Bíbélì Yorùbá ti gba ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú wa. Nínú ìwé Lúùkù orí 17, "aláìlérè ọmọ ọ̀dọ̀" ni wọ́n fi pe ẹrú tó ṣe kìkì ohun tí wọ́n rán an. Gbogbo ẹni tó lọ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi ní ìlú yìí mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá kọ "aláìlérè" sára bọ́ọ̀dù, àṣìṣe "non-profitable" náà lẹ tún ṣe lédè Yorùbá.

Èrè kì í ṣe owó nìkan lédè wa. Bí ẹnì kan bá béèrè pé, "Èrè kí ló wà níbẹ̀?", ó lè máà ronú kan kọ́bọ̀ rárá, àǹfààní ló ń béèrè. "Profit" ti Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀. Látinú èdè Látìn ló ti wá, ìdí rẹ̀ sì ni kí nǹkan lọ síwájú, kó sunwọ̀n. Ìtumọ̀ owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn títà, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ìyá Káwé sọ gún un lọ́kàn. Iṣẹ́ wọn lérè ńlá, àwọn ọmọ ń mọ̀wé. Owó ni wọn ò wá níbẹ̀.

Mo wá rò ó pé "kì í wá èrè" dára, ṣùgbọ́n "kò torí èrè ṣe é" sún mọ́ "not-for-profit" ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Torí" ló gbé ìdí náà jáde.

Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀kan: ẹgbẹ́ ni ká pè é ni, àbí àjọ? Ilé iṣẹ́ ìròyìn ń lo "àjọ" fún irú nǹkan báyìí.

Ìyá Alátẹ, Ọjà Ọba:

Ẹ má pè é ní àjọ o! Bí mo bá rí "àjọ tí kì í wá èrè" lójú ọ̀nà, alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ni mo máa rò. Alájọ sì máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó bínú sí i. Mo máa wá bi í pé irú alájọ wo ni kì í mú nǹkan kan. Ẹgbẹ́ yé wa jù.

Tíṣà yín tún kọ́ ọmọ ọmọ mi kan o, Ìyá Káwé. Ó ti ń ka ara páálí mílíìkì fún mi.

Atúmọ̀, Ayétòrò:

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ẹgbẹ́ ni, mo gbà.

Lọ́yà Ògo-Olúwa:

Ẹ kú ìjókòó. Èmi fẹ́ dáhùn ti ₦500 yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. "Non-profit" kì í ṣe "free". Ọ̀fẹ́ ni "free". Ilé ìwòsàn kan lè jẹ́ "non-profit" kó sì gba owó káàdì, owó oògùn, owó bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí òfin ń wò ni ibi tí owó ń lọ nígbà tó bá ṣẹ́ kù.

Òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ògún ọdún 2020 láti rọ́pò ti 1990, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bí ẹgbẹ́ bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìpín F, tí wọ́n ń pè ní "Incorporated Trustees", gbogbo owó àti ohun ìní rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sórí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ bí èrè ìdókòwò tàbí àjẹmọ́nú. Òfin yẹn kan náà gbà kí wọ́n san owó iṣẹ́ tó tọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Bí ẹgbẹ́ bá sì tú ká, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò lè pín ohun tó kù, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ sí.

Nítorí náà, èsì tí ẹ máa fún òbí yẹn nìyí: ₦500 ń ra ìwé àti pẹ́ńsù, bó bá sì ṣẹ́ kù, ìwé ló tún máa rà. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri ní òpin táàmù.

Ní ti àkáǹtì, báńkì máa béèrè ìwé ẹ̀rí láti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, òfin ẹgbẹ́ yín, àti káàdì ìdánimọ̀ àwọn trọsitíì, ìyẹn àwọn tó ń di ohun ìní ẹgbẹ́ mú lórúkọ ẹgbẹ́. Wọ́n tún lè ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń gbógun ti fífi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́ bí owó rere. Kí ẹ̀rù má bà yín, gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bi, kì í ṣe pé wọ́n fura sí yín. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ nílò trọsitíì méjì ó kéré tán, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 18, tí wọn ò jẹ gbèsè débi tí kóòtù fi kéde wọn. Ẹ máa gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ sì máa dúró fún ọjọ́ 28, bóyá ẹnì kan fẹ́ takò ó. Ọ̀nà kejì wà tí wọ́n ń pè ní "company limited by guarantee". Ìyẹn gba àṣẹ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí ₦100,000 ó kéré tán bó bá fọ́. Ti yín kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ìpín F ló bá yín mu.

Títí tí ìwé ẹ̀rí fi máa jáde, ẹ má kọ "registered" sára bọ́ọ̀dù. "Non-profit" ń sọ ìwà ẹgbẹ́, kò dìgbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n "registered" irọ́ ni lónìí.

Akápò Alájẹṣẹ́kù, Alẹ́kùwòdò:

Lọ́yà, ọ̀rọ̀ yín bá mi lójijì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ń kọ "non-profit" sórí káàdì láti ìgbà tí mo ti di akápò. Ìdí tá a fi ń kọ ọ́ ni pé a kì í fi èlé ńlá ni ọmọ ẹgbẹ́ lára. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún, a máa ń pín ohun tó ṣẹ́ kù. Ṣé irọ́ la ti ń pa ni?

Lọ́yà Ògo-Olúwa:

Ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, Alàgbà, ọ̀rọ̀ náà ni kò bá ẹgbẹ́ yín mu. Ẹ wo orúkọ tí Yorùbá fún un: alájẹṣẹ́kù. A jẹ, ó ṣẹ́ kù, a sì tún pín ìṣẹ́kù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ti yín ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ 28 tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Rochdale, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844, ohun tó sọ wọ́n di olókìkí ni pé wọ́n ń pín èrè padà fún àwọn tó ń rajà lọ́dọ̀ wọn, bí ọjà tí kálukú rà bá ṣe pọ̀ tó. Àpẹẹrẹ wọn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń tẹ̀ lé káàkiri ayé. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ló ń jèrè rẹ̀. Ẹ kọ "cooperative society" sórí káàdì, ó tó, ó sì níyì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà tó ń rí sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìjọba ìpínlẹ̀ náà lẹ ti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe CAC.

Akápò Alájẹṣẹ́kù, Alẹ́kùwòdò:

Mo gbọ́. Màá gbé e dé ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ Òṣogbo ní Houston:

Mo kí gbogbo ilé. Ibi tí mo wà níbí, ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ti sọ ọ́ di orúkọ nǹkan fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń ní "she works for a nonprofit", wọn ò ní fi "organization" kún un. Ẹ máa gbọ́ "nonprofits" pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bá pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni "for-profit", wọ́n ń lò ó fún ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tó ní olówó tó ń retí èrè.

Ẹ tún máa gbọ́ "501(c)(3)". Nọ́ńbà ìpín kan nínú òfin owó orí Amẹ́ríkà ni. Ẹgbẹ́ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kì í san owó orí lórí owó iṣẹ́ àánú, ẹni tó bá sì fún un lówó lè yọ owó náà kúrò nínú ohun tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lé lórí. Kì í ṣe gbogbo "nonprofit" ló wà níbẹ̀ o: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ní ìpín tiwọn, wọn kì í pín èrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àánú kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìyá Káwé, mo sọ èyí torí bí ẹni tó fẹ́ fún yín níwèé bá ń gbé níbí, ó lè béèrè 501(c)(3) lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún un tọkàntọkàn pé Nàìjíríà lẹ wà, òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ yín, CAC ni tiyín.

Ní Ọsirélíà àti Kánádà, "not-for-profit" ló wà nínú orúkọ òfin wọn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "charity" ni wọ́n ń lò jù. Òfin charity wọn ti wà láti ayé Ọbabìnrin Elizabeth kìíní, ní 1601. Ní 1891 ni ilé ẹjọ́ wọn pín in sí mẹ́rin: ìrànwọ́ fún aláìní, ẹ̀kọ́, ẹ̀sìn, àti ohun mìíràn tó ṣe ìlú láǹfààní. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, ti yín rèé.

Ọmọọ́ṣẹ́-Láìgbowó, Òkè-Fìá:

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kan mi lára. Ọdún méjì ni mo fi bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè owó ọkọ̀ lásán, wọ́n á ní, "A kì í wá èrè." Olórí wa kọ́lé nínú ọdún méjì náà, ó ra mọ́tò. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti rí "non-profit", inú mi kì í dùn. Ṣé ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni pé kí a má sanwó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́?

Álúfà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò fún ọ. Jẹ́ kí n fi sàká ṣe àlàyé fún ọ. Nínú Àlùkùránì, Sūra kẹsàn-án, ẹsẹ 60, Ọlọ́run ka irú àwọn tí owó sàká tọ́ sí, mẹ́jọ ni wọ́n. Aláìní ló ṣáájú. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sàká, tí wọ́n ń gbà á jọ, tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n jẹ́ tálákà. Kò sí ẹni tó ní sàká ti di òwò torí ìyẹn. Owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí èrè. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gba owó iṣẹ́. Ẹni tó bá kó ìyókù sápò láìṣiṣẹ́ fún un, tiẹ̀ ni èrè tí wọ́n ní àwọn kì í wá.

Lọ́yà Ògo-Olúwa:

Bí òfin ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, Álúfà. Màá fi ẹyọ kan kún un fún Ọmọọ́ṣẹ́. Bí o bá fínnúfíndọ̀ ṣe é, tí o sì mọ̀ pé kò sí owó, ìyẹn wà láàyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tí o fi lọ jíṣẹ́ ẹgbẹ́, ìnáwó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe èrè tìrẹ. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìṣàkóso lòfin fi okùn sí lọ́rùn jù: kò yẹ kí wọ́n gba ipò tó ń gba owó oṣù nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń darí. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ sì ní ìwé tó gbọ́dọ̀ máa fi ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún. O lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé, "Níbo ni ìṣirò wà?"

Ìyá Káwé, kí ẹ̀yin náà kọ sínú òfin ẹgbẹ́ yín láti ìsinsìnyí pé a máa dá owó ọkọ̀ padà fún ẹni tó bá fi jíṣẹ́. Ó máa ń gbani lọ́wọ́ ìjà.

Bàbá Àgbẹ̀, Ọ̀tà-Ẹ̀fun:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé Òyìnbó ló mú un wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé, á bẹ ìlú lọ́wẹ̀. Gbogbo wa á lọ po amọ̀, ẹni tó ń kọ́lé á se oúnjẹ, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi wé àáró o. Àáró, èmi ro oko tìrẹ lónìí, ìwọ ro tèmi lọ́la, ó ń padà sí ọ lọ́wọ́. Bí mo bá gbọ́ ohun tí Lọ́yà wí, àáró ló jọ alájẹṣẹ́kù, ọ̀wẹ̀ ló jọ ti Ìyá Káwé.

Atúmọ̀, Ayétòrò:

Bàbá, mo ti ń wá irú àfiwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìyá Káwé:

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó dun Màámi, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, mo ní ìbéèrè kan. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà ọpẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì sí ẹni tó fẹ́ fún wọn níwèé, mo sì fẹ́ ṣàpèjúwe àwọn tíṣà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣé mo lè ní "six non-profit teachers"?

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Ìgbọ̀nà:

Rárá, ọmọ mi, o sì ṣeun tí o béèrè. Ẹgbẹ́, ilé-ìwé, ilé iṣẹ́, ìwé ìròyìn, iṣẹ́ àkànṣe, ìwọ̀nyí ni "non-profit" ń yàn. Kì í yan ènìyàn. Fún ènìyàn, "selfless" ló rọrùn jù, òun ni ẹni tí kì í ro ti ara rẹ̀ nìkan. "Altruistic" náà wà. Látọwọ́ amòye Faransé kan tó ń jẹ́ Auguste Comte ló ti jáde ní bí ọdún 1850 sókè, ó túmọ̀ sí kéèyàn máa gbé ayé fún ẹlòmíràn. Ó wúwo díẹ̀ fún lẹ́tà ọpẹ́. "Charitable" lè yan ènìyàn, ó lè yan ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àánú àti ìfúnni nínú. Bí lọ́yà bá ṣe ẹjọ́ fún aláìní láìgbowó, wọ́n á ní ó ṣe é "pro bono".

Ṣọ́ra fún "disinterested". Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹni tí nǹkan kò kàn ni, ìyẹn ni "uninterested". "Disinterested" jẹ́ ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ láìsí ohun tó máa jẹ níbẹ̀, bí àgbà tó ń parí ìjà láìgba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ iyì ni. Àmọ́ torí pé ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbọ́, má lò ó nínú lẹ́tà yìí, kí ẹni tó fẹ́ ṣàánú má bàa rò pé àwọn tíṣà ò nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà.

Kọ ọ́ báyìí: "six volunteer teachers". Ó mọ́, kò sì sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́.

Ọmọ Ìyá Káwé:

Ẹ ṣé gan-an, sà. Màá lò ó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Káwé, Òkè-Báálẹ̀:

Mo ti padà dé o. Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ rójú, ẹ ráyè fún mi.

Mo gbé bébà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ bọ́ọ̀dù bí Onítẹ̀wé ṣe ní kí n ṣe. Ọmọlúàbí ni, ó ní òun náà ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó tíì sọ fún òun rí. Ó fi ọ̀dà funfun pa lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, ó wá ku A NON-PROFIT ORGANIZATION. Tíṣà, "z" ló wà níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀, torí pé ìyẹn náà ni màá kọ sórí lẹ́tà.

Ìhà Yorùbá kà báyìí: ẸGBẸ́ ÌWÉ KÍKÀ ỌJỌ́ SÁTIDÉ. A KÒ TORÍ ÈRÈ ṢE É. OWÓ ÌWÉ ₦500, KÒ SÍ OWÓ MÌÍRÀN. Ìyá Alátẹ, mo ti yọ "àjọ" kúrò pátápátá. Mo ka ìlà kejì fún òbí tó bi mí léèrè, mo sì fi rìsíìtì ìwé àti pẹ́ńsù hàn án. Ó ní, "Háà, ó ti yé mi," ó wá béèrè bóyá àbúrò ọmọ rẹ̀ lè máa bá a bọ̀.

Lọ́yà, a ti mú trọsitíì mẹ́ta. Bí ẹ bá ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ wá rí yín lórí ọ̀rọ̀ CAC, a ó sì kọ ti owó ọkọ̀ sínú òfin ẹgbẹ́ ká tó wá. Ọmọọ́ṣẹ́-Láìgbowó, bí ọkàn rẹ bá fẹ́ ẹ, ààyè ń bẹ fún ẹni tó lè kọ́ ìṣirò láàárọ̀ Sátidé. A máa san owó ọkọ̀ rẹ.

Ibi tí wọ́n ti pa "able" rẹ́ ṣófo lára bọ́ọ̀dù, ó hàn. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní òun máa ya ìwé tó ṣí sílẹ̀ kan síbẹ̀, òun ò ní gbowó ìyẹn.